Pé Aládùúgbò Yín Rómi Ò Ní Kẹ́yin Náà Rómi

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Abuja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pè mí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbẹ́lẹ̀ tán. Oníbàárà mi kan ní Lokogoma ní torí omi ń tú yàà ní bọ́ọ̀hóòlù aládùúgbò òun lòun ṣe gbé rígì, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀, wọlé láìṣe sọ́fè, ìyẹn àyẹ̀wò abẹ́ ilẹ̀ ká tó gbẹ́ ẹ, wọ́n gbẹ́ ẹ títí, eruku àpáta lásán ló ń jáde. Lápá Abaji àti Kwali tó nílẹ̀ oníyanrìn, omi aládùúgbò lè sọ nǹkan fún yín. Ṣùgbọ́n Gwarinpa, Kubwa, Bwari, àpáta ló wà lábẹ́ wa, ibi tó ti jẹrà tàbí tó ti sán lomi máa ń wà, ojú sísán yẹn ò sì mọ fẹ́ǹsì ẹnikẹ́ni.

Èmi onísọ́fè tí mò ń fi iná mànàmáná wo abẹ́ ilẹ̀, mi ò rí omi o. Bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́wọ́ ni mò ń kà. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí àwọn kan tó ń pera wọn ní onísọ́fè gan-an ń ṣìnà níbẹ̀: bí omi bá wà níbi tí àpáta ti sán, nọ́ńbà ìdílọ́wọ́ yẹn á wálẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ má wá yí i padà pé nọ́ńbà ti wálẹ̀, omi ti wà nìyẹn! Amọ̀ náà máa ń fà á wálẹ̀, amọ̀ kì í sì í tú omi sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Òdìkejì ẹ̀ lẹ lè gbára lé: tí nọ́ńbà bá ga látòkè délẹ̀ tí kò wálẹ̀ níbì kankan, ẹ kúrò lójú ibẹ̀. Ká mọ ibi tá ò ní gbẹ́, iṣẹ́ sọ́fè nìyẹn. Ká wá fi àwọn ibi tó kù wéra, kẹ́ ẹ sì bá onírígì kọ ọ́ sílẹ̀, ta ló máa ru àdánù tó bá gbẹ?

Ẹni tó ń mú igi ẹlẹ́ka méjì rìn kiri láti fi wá omi àti wòlíì tó rí odò lójú ìran, èyí tó bọ́ sí i nìkan ni wọ́n ń ròyìn. Èmi kọ́ṣẹ́ yìí, mo sì ń kọ èyí tó gbẹ sílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí tó lómi.

Èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ní August ló ń dùn mí jù. Òjò ti kún ilẹ̀, omi á tú, àwọn onírígì á gbowó lọ. Ìyá kan ní Kubwa tó ní jẹ́lé-ó-sinmi gbẹ́ tiẹ̀ lóṣù yẹn, nígbà tó fi máa di March pọ́ǹpù ti ń fa afẹ́fẹ́ títí tó fi jóná, àwọn ọmọ kéékèèké wá ń dúró de mai ruwa, ẹni tó ń ta omi kiri, láàárọ̀. Omi wà ní August ò ní komi wà ní March! Ẹ ní kí wọ́n fa omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdúró, kí wọ́n máa wọn bó ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú ihò àti bó ṣe ń padà gòkè. Onírígì tó bá ní ìyẹn ò pọn dandan, ẹ má tíì san owó tó kù fún un.