Ohun tó ń mú akàn inú adágún bàlágà ṣáájú àkókò

Akàn onírun-lọ́wọ́ táwọn àgbẹ̀ Ṣáínà ń sìn, Eriocheir sinensis, máa ń lo nǹkan bí ọdún méjì kó tó bàlágà. Ẹnu odò bíi Yangtze, níbi tí omi ti níyọ̀, ni ẹyin rẹ̀ ti ń pa. Bí ọmọ bá ti ń di akàn, yóò wọ inú omi tí kò níyọ̀ lọ dàgbà. Nígbà tó bá tó 100 sí 200 gíráàmù lọ́dún kejì ni wọ́n ń kó o tà.

Àwọn kan kì í dúró dìgbà yẹn. Ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń bàlágà, nígbà tí wọn ò tíì ju 20 sí 50 gíráàmù lọ. Àdánù gidi ni, torí akàn kì í tóbi àfi tó bá bọ́ èèpo, èyí tó bá sì bọ́ nígbà ìbàlágà ni àbọ́kẹ́yìn. Látìgbà náà, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á máa lọ sínú ẹyin. Bí wọ́n bá dà á sínú adágún ọdún kejì, yóò jẹun, kò ní tóbi, yóò sì kú kí ìkórè tó dé.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ló fi ń ṣọ́ ìbàlágà. Inú ọ̀pá tó gbé ojú rẹ̀ dúró ni họ́mọ̀nù tó ń dá ẹyin àti àtọ̀ dúró ti ń wá. Bí ooru bá pọ̀, tí oúnjẹ sì pọ̀, ìjánu yẹn á dẹ̀, họ́mọ̀nù mìíràn láti ẹ̀bá àgbọ̀n á sì máa ti ìbàlágà síwájú. Iye ooru tó ti wọ ara akàn ló ń kà, kì í ṣe iye oṣù.

Ohun tó dunni ni pé ìtọ́jú àṣejù ló sábà ń fà á: ẹja àti oúnjẹ amúaradàgbà mìíràn ní gbogbo ìgbà ooru, tàbí ọmọ akàn tí kò pọ̀ nínú adágún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń jẹ àjẹyó. Omi tí kò jìn náà ń dá kún un, torí oòrùn tètè ń mú un gbóná. Àwọn òbí kéékèèké tó tètè bàlágà sì lè fi ìwà náà jíǹkí ọmọ. Nítorí náà, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ á fi ewéko bo nǹkan bí ìdajì adágún, á jẹ́ kí omi jìn sí i nígbà ooru, á sì máa fún wọn ní àlìkámà tàbí àgbàdo títí ooru yóò fi rọlẹ̀. Ó tún ń yan òbí ńláńlá.

Kò ṣòro láti dá àwọn tó tètè bàlágà mọ̀. Ìbòkun abo, ìyẹn èèpo tó ká sábẹ́ ara rẹ̀, tó rí ṣóńṣó tẹ́lẹ̀, á di róbótó, á bo gbogbo àyà rẹ̀, irun á sì yí etí rẹ̀ ká. Ti akọ, irun ọwọ́ rẹ̀ á nípọn, á dúdú. Wọ́n lè gùn, abo sì lè gbé ẹyin sábẹ́ ìbòkun, àmọ́ ẹyin náà kéré níye, kò sì lè pa nínú adágún tí kò níyọ̀. Ìparí ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ ṣa àwọn wọ̀nyí kúrò, kí wọ́n tó kó ìyókù lọ sí adágún tí wọn yóò ti dàgbà.