Pokémon Scarlet àti Violet: báwo ni géèmù tó tà tó bẹ́ẹ̀ ṣe di ohun tí wọ́n ń tọrọ àforíjì lé lórí?

Láti ìgbà tí Nintendo Switch 2, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá géèmù, ti jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ Pokémon Scarlet àti Violet ti tún bọ́ sẹ́nu àwọn ènìyàn. Ìròyìn tó gbòde ni pé géèmù tí wọ́n bú títí lọ́dún 2022 ti ń lọ geere lórí ẹ̀rọ tuntun náà, láìsan kọ́bọ̀ lé e. Ẹni tí kò bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ á béèrè pé ṣé géèmù yìí dára ni, àbí kò dára. Àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé nípa rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú ìdáhùn wọn.

Kí ni Pokémon gan-an?

Géèmù ilẹ̀ Japan ni. Satoshi Tajiri, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn láti máa ṣa kòkòrò jọ nígbà tó wà lọ́mọdé, ló dá a sílẹ̀. Àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lórí ẹ̀rọ Game Boy ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 1996. Inú ayé kan tó kún fún ẹ̀dá abàmì ni ẹ ó bá ara yín. Ẹ ó máa mú wọn nínú igbó, létí odò, lórí òkè. Ẹ ó tọ́ wọn dàgbà. Ẹ ó sì kó wọn lọ bá ti ẹlòmíràn jà. 151 ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n ti lé ní 1,000 báyìí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì, Scarlet àti Violet?

Géèmù kan náà ni wọ́n, àfi pé àwọn ẹ̀dá kan wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, kí àwọn ọ̀rẹ́ lè máa ṣe pàṣípààrọ̀. Kò sídìí fún ẹnì kan láti ra méjèèjì.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2022?

Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ni wọ́n gbé e jáde fún ẹ̀rọ Nintendo Switch. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti ta mílíọ̀nù 10, Nintendo, ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà, sì kéde pé kò sí géèmù kankan lórí ẹ̀rọ wọn rí tó tà tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn kan náà, fídíò àwọn àbùkù inú rẹ̀ ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. Nígbà tó máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, àtúnṣe àkọ́kọ́ ti jáde, ọ̀rọ̀ àforíjì sì wà nínú àlàyé tí wọ́n ṣe lé e lórí. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé àwọn tó ń gbá géèmù náà ń rí ìṣòro, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ fún ìnira náà.

Irú àbùkù wo ni?

Èyí tí kò sẹ́ni tí kò rí i ni pé àwòrán ń kọsẹ̀. Nǹkan bí ìgbà 30 ló yẹ kí irú géèmù yìí máa pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá wọ ìlú tí èrò pọ̀ sí, tàbí tí ẹ dé etí adágún ńlá tí wọ́n ń pè ní Casseroya, iye yẹn á já wálẹ̀, ohun gbogbo á sì máa fà tìkọ̀tìkọ̀. Ẹ dúró sí ọ̀ọ́kán kí ẹ wo ilé ọlọ tí afẹ́fẹ́ ń yí (windmill) tó wà lọ́nà jíjìn: apá rẹ̀ kì í yí, ńṣe ló ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ wọ kíláàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ inú géèmù náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sẹ́yìn á mirí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dúró gbagidi, wọ́n á tún mirí.

Ti ogun jíjà tún burú ju ìyẹn lọ. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀bá òkè, ojú tí ẹ fi ń wo géèmù náà lè rì sísàlẹ̀ ilẹ̀, kí ẹ máa wo abẹ́ koríko àti òfìfo aláwọ̀ eérú, nígbà tí àwọn ẹ̀dá yín ń jà lókè. Àwọn kan rìn títí ilẹ̀ fi gbé wọn mì. Àwọn mìíràn ń gbá a pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ara ènìyàn inú rẹ̀ sì nà gbọọrọ láìnídìí. Nígbà mìíràn, géèmù náà á kàn pa ara rẹ̀ dé.

Mo fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa, nítorí àwọn òbí kan ti bẹ̀rù: kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tó ń ba ẹ̀rọ Switch jẹ́. Inú géèmù ni àbùkù náà wà, kò kan ẹ̀rọ.

Ṣé gbogbo ènìyàn ló rí i bẹ́ẹ̀?

Gbogbo wọn rí ìkọsẹ̀ àwòrán. Ní ti àwọn yòókù, ó yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn, ọ̀pọ̀ ló sì sọ pé bí àwọn bá ti pẹ́ nídìí rẹ̀ láì pa á kí wọ́n tún un ṣí ló ń burú sí i.

Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ Switch ti gbó ni?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ nìyẹn, kò sì pé. Lóòótọ́, ọdún 2017 ni Switch jáde, agbára rẹ̀ kò sì tó ti àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n jọ wà lọ́jà lọ́dún 2022. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2017 yẹn náà ni The Legend of Zelda: Breath of the Wild jáde lórí ẹ̀rọ kan náà. Ilẹ̀ gbalasa ló wà nínú òun náà, ẹ ó gun òkè rẹ̀, ẹ ó fò láti orí àpáta rẹ̀, koríko rẹ̀ ń jó nínú atẹ́gùn, kò sì sí ibi tí ilẹ̀ ti ń gbé ènìyàn mì báyẹn. Oṣù díẹ̀ ṣáájú Scarlet àti Violet, Xenoblade Chronicles 3 jáde lórí Switch, ilẹ̀ tirẹ̀ náà sì fẹ̀ lọ salalu. Ẹ̀rọ tó gbé ìwọ̀nyí kò lè sọ pé òun ò lè gbé Pokémon.

Ìkánjú ni mo kà sí okùnfà tó tóbi jù. Game Freak, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, ti kọ́kọ́ gbé Pokémon Legends: Arceus jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kínní ọdún 2022. Géèmù ńlá méjì láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan láàárín oṣù mẹ́wàá! Kì í sì í ṣe géèmù nìkan ló so mọ́ ọjọ́ ìjáde náà. Ní oṣù Kínní ọdún 2023, káàdì ìṣeré tó ń jẹ́ Scarlet àti Violet bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Japan. Ní oṣù Kẹrin, eré àwòrán tuntun tó lo àwọn ẹ̀dá inú géèmù náà bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Bí géèmù bá fi oṣù mẹ́fà pẹ́, gbogbo àwọn ọjà tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á pẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ géèmù kọ́ ló ń yan ọjọ́, nítorí náà, mi ò fara mọ́ àwọn tó ń bú wọn ní ọ̀lẹ. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ tó wà lára àwọn ẹ̀dá náà, bí ìyẹ́ wọn ṣe ń dán, bí ìpẹ́ wọn ṣe hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, á mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ ọ̀lẹ ló ṣe é.

Tí ó bá burú tó yẹn, kí ló dé tí àwọn kan fi fẹ́ràn rẹ̀?

Nítorí pé nǹkan tó wà nínú rẹ̀ dára, ó dára púpọ̀. Àwọn Pokémon àtijọ́ máa ń fa ènìyàn lọ́wọ́ láti ìlú kan dé èkejì, bí ẹ bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, nǹkan á dí ọ̀nà mọ́ yín. Nínú èyí, ní kété tí ẹ bá ti parí ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ilẹ̀ Paldea ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n fi ilẹ̀ Spain àti Portugal ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ẹ ó gun ẹ̀dá ńlá kan lẹ́yìn, Koraidon nínú Scarlet, Miraidon nínú Violet. Á sáré, á lúwẹ̀ẹ́, á pọ́n òkè, á sì fi atẹ́gùn sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìtàn rẹ̀ pín sí, ẹ sì lè tọ èyí tó bá wù yín ṣáájú. Ọ̀kan ni ti àwọn ọ̀gá mẹ́jọ tí ẹ gbọ́dọ̀ borí, bí ó ti máa ń rí. Èkejì ni ti Team Star, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá sílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Ìpáǹle ni wọ́n pè wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sún mọ́ wọn, ẹ ó rí i pé ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fìyà jẹ ni wọ́n, tí wọ́n kóra jọ kí ẹnikẹ́ni má bàa tún fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, Clavell, bọ́ aṣọ ipò sílẹ̀, ó da irun ẹlẹ́yà borí, ó múra bí akẹ́kọ̀ọ́, kí ó lè gbọ́ ohun tí wọn kò ní sọ fún ọ̀gá.

Ẹ̀kẹta ló mú mi lọ́kàn jù. Arven, ọmọkùnrin kan tó fẹ́ràn oúnjẹ sísè ju ìjà lọ, bẹ̀ yín kí ẹ bá òun wá ewé márùn-ún tó ṣọ̀wọ́n. Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán ni, títí yóò fi mú yín dé ọ̀dọ̀ ajá rẹ̀, Mabosstiff, tó dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde. Ewé náà ni oògùn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí ọ̀kan, Arven á fi sínú búrẹ́dì, á gbé e fún un, nǹkan kékeré kan á sì padà sí ara ajá náà. Ní Pokémon, tí ẹ̀dá bá fara pa nínú ìjà, ẹ ó gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó parí. Ìgbà tí wọ́n sọ pé èyí kò rọrùn bẹ́ẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ẹni tó kọ ìtàn yìí fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tó ń dùn mí náà nìyẹn: iṣẹ́ irú èyí kò yẹ kó wà nínú géèmù tí wọn kò fún ní àkókò tó tó.

Àwọn alárìíwísí ńkọ́?

Lórí Metacritic, níbi tí wọ́n ti ń kó èrò àwọn alárìíwísí jọ, Scarlet gba 72 nínú 100. Legends: Arceus ti ọdún kan náà gba 83.

Yàtọ̀ sí àbùkù, kí ni wọ́n tún ń rojọ́ lé?

Àwọn ọ̀gá kì í le sí i bí agbára yín bá ti pọ̀ sí i, nítorí náà òmìnira yẹn ní ibi tó mọ: ẹni tó bá yà síbi tó le ṣáájú, tó wá padà sí èyí tó rọrùn, á gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù inú ìlú kò ṣeé wọ̀, ojú ọ̀nà ni ẹ ó ti máa rajà. Nǹkan bí 400 péré nínú àwọn ẹ̀dá ló wà ní Paldea nígbà tó jáde. Ẹnikẹ́ni kì í sì fi ohùn sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kíkà.

Ṣé wọ́n ti tún un ṣe báyìí?

Lórí Switch àtijọ́, díẹ̀. Àwọn àtúnṣe tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ pa ọ̀pọ̀ àbùkù kéékèèké, ṣùgbọ́n ìkọsẹ̀ náà kò lọ. Àwọn àfikún tí wọ́n ń fowó rà, The Teal Mask ní oṣù Kẹsàn-án àti The Indigo Disk ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, fi ìtàn tó dára kún un, wọn kò wo àrùn yẹn sàn. Lórí Switch 2 ni àyípadà gidi ti dé: àtúnṣe ọ̀fẹ́ jẹ́ kí ó máa pààrọ̀ àwòrán ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú àwòrán náà sì mọ́ sí i. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí kò ṣeé wọ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ṣé kí n rà á?

Tí ẹ bá ní Switch 2, bẹ́ẹ̀ ni. Tí ó bá jẹ́ Switch àtijọ́ ni, ẹ rà á tí ìtàn bá jẹ yín lógún ju ẹwà lọ.

Káàdì géèmù tòkunbọ̀ kò burú. Èyí tí wọ́n rà ní London tàbí Amẹ́ríkà á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ẹ rà ní Ìkẹjà, nítorí Switch kì í fi ìlú ya káàdì sọ́tọ̀. Orí ẹ̀rọ ni ibi tí ènìyàn bá gbá a dé máa ń wà, kì í sí nínú káàdì, torí náà ẹ ò ní bá ti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun kan tó ṣe pàtàkì: ẹ má bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó so ẹ̀rọ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ sì gba àwọn àtúnṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n dátà yín ló máa jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa bá ẹni tó wà lókèèrè gbá a, owó oṣù tàbí ti ọdún wà fún ìyẹn. Ti ọ̀rẹ́ tó jókòó ti yín kò ná yín ní nǹkan kan.

Tí géèmù náà bá pa ara rẹ̀ dé, ṣé gbogbo ohun tí mo ti ṣe á parẹ́?

Ó ń tọ́jú ibi tí ẹ dé fúnra rẹ̀, àdàkọ kan sì tún wà. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ tẹ ọfà òkè, X àti B pọ̀, á sì béèrè bóyá ẹ fẹ́ padà sí àdàkọ náà.

Wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn wà nínú Pokémon. Ṣé ó yẹ kí n bẹ̀rù fún ọmọ mi?

Ìbẹ̀rù yẹn ti pẹ́. Saudi Arabia tiẹ̀ fòfin dè é lọ́dún 2001, àmọ́ ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ àti àmì ẹ̀sìn mìíràn ni wọ́n fi ṣe ìdí. Mi ò fojú kéré òbí tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú èyí ni àwọn ọmọ tó ń tọ́jú ẹranko, tí wọ́n ń lọ sílé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ń parí ìjà láàárín ara wọn. Ní ti owó, kò sí ibi tí ọmọ ti lè máa fi káàdì báńkì yín ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ bí ó ti rí nínú Pokémon GO orí fóònù. Àwọn àfikún méjèèjì nìkan ló wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó sì sanwó wọn. Ohun tó yẹ kí ẹ rò ni kíkà. Ọmọ tí kò tíì lè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa á máa rìn kiri láì mọ ìdí tí ajá Arven fi dùbúlẹ̀. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ máa kà á fún un.

Ṣé èyí tó bá ń bọ̀ náà á rí báyìí?

Game Freak ti dẹ ẹsẹ̀ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn Scarlet àti Violet, àfikún nìkan ni wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023, ọdún 2024 sì kọjá láìsí géèmù ńlá tuntun, kí Pokémon Legends: Z-A tó dé ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ó dùn mọ́ mi. Síbẹ̀, mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ mẹ́ta ti fi hàn wọ́n pé a óò rà á bó ti wù kó rí, àwa olùrà la sì fi hàn wọ́n. Nítorí náà, ẹ má sanwó sílẹ̀ de géèmù tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbá. Ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́jà, kí ẹ wá fídíò ẹni tó ń gbá a lórí irú ẹ̀rọ tí ẹ ní gan-an, kí ẹ tó kówó jáde.