Honda tí a fi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́: kí ló yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe lára rẹ̀?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Sango Ọ̀tà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ra Honda Accord ọdún 2004, irú èyí tí gbogbo ìgboro mọ̀ sí End of Discussion. Tòkunbọ̀ ni, onísílíńdà mẹ́rin, lítà 2.4. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà wuyì, ó fẹ́ kó yá nílẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ yìí kan náà ló gbọ́dọ̀ gbé e dé ibi iṣẹ́ láràárọ̀ Mọ́ńdè. Owó gbogbo rẹ̀ kò lè jáde lẹ́ẹ̀kan, ló bá wá bi mí ohun tó yẹ kó ṣíwájú. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an, mo sì gbà pé a lè sọ ọ́ di arẹwà láìsọ ọ́ di ohun tí a ń fi okùn wọ́ kiri. Ìbéèrè rẹ̀ àti ìdáhùn mi rèé.

Ẹ̀gbọ́n, ríìmù ló wù mí jù. Ṣé kí n kọ́kọ́ ra oní-ínṣì 18, kí ojú ọkọ̀ ti yàtọ̀ kí n tó máa ṣe èyí tó kù?

Má tíì rà á, àbúrò mi. Ríìmù wà lára ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ pinnu, àmọ́ ó wà lára ohun tó yẹ kó o rà gbẹ̀yìn. Ohun púpọ̀ ló gbọ́dọ̀ bá a mu: bíréèkì tó o máa lò, bí o ṣe fẹ́ kí ọkọ̀ náà wálẹ̀ tó, àti títì tó ò ń gbà. Bí o bá ra ríìmù lónìí, tó o wá lọ ra bíréèkì ńlá ní Ladípọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kalípà, ìyẹn irin tó ń fún pádì mọ́ dísìkì, lè máa ha ríìmù náà láti inú. O ti náwó méjì lórí iṣẹ́ kan nìyẹn. Mú ìwé, kọ gbogbo bí o ṣe fẹ́ kí ọkọ̀ náà rí nígbẹ̀yìn sínú rẹ̀, kó o tó ná kọ́bọ̀.

Jẹ́ ká wo táyà dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Táyà tó bá ríìmù 15 rẹ wá láti ilé iṣẹ́ jẹ́ 205/65R15. 205 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rọ́bà jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, ìyẹn mìlímítà 133. Bí o bá gbé 225/40R18 wọ̀ ọ́, ẹ̀gbẹ́ rọ́bà á di 90. Mìlímítà 43 tó lọ yẹn ló ń gba ìyà kòtò kí ríìmù má bàa jẹ ẹ́, ìwọ náà sì mọ ohun tó wà lójú títì láti Sango dé Abúlé Ẹgbà. Honda fúnra wọn fi 215/50R17 sára àwọn V6, ìyẹn onísílíńdà mẹ́fà, tó jáde ní 2006 àti 2007. Rọ́bà tiẹ̀ ga tó 107, gíga táyà náà lápapọ̀ kò sì fi mìlímítà kan yàtọ̀ sí ti 15 rẹ, nítorí náà ohun tó ń ka eré kò ní parọ́ fún ọ. Èmi ò ní kọjá 17.

Nígbà tí àkókò bá tó tó o dé ọjà, ríìmù oníhò márùn-ún, tí òbìrí tí àwọn ihò náà tò sí fẹ̀ ní mìlímítà 114.3, ni kó o béèrè. Wọn ihò àárín náà. Ti Honda jẹ́ mìlímítà 64.1. Bí ti ríìmù bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, wá òrùka tó ń dí àlàfo náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ tó o bá ti sáré díẹ̀ lọ́nà Ìbàdàn.

Kí ló wá yẹ kó ṣíwájú gbogbo rẹ̀?

Nọ́ńbà shásí ni. Kò ní ná ọ ju dátà lọ. Àwọn Accord 2003 sí 2007 wà lára ọkọ̀ tí wọ́n pè padà nítorí éàbáàgì tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe. Ammonium nitrate ni wọ́n fi sínú rẹ̀ láti mú kó fẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin sì máa ń bà á jẹ́ bó bá ti pẹ́. Éàbáàgì tó bá ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ lè bú gbàmù nígbà ìjàǹbá, kó fọ́n irin sí ẹni tó yẹ kó dáàbò bò lára. Ooru àti ọ̀rinrin tí mo ń sọ yìí, a ò kí ń wá wọn tì nílẹ̀ wa. Tẹ nọ́ńbà shásí náà sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, wàá rí i bóyá àtúnṣe náà ṣì kù lọ́rùn ọkọ̀ rẹ. Bó bá ṣì kù, gbé e lọ bá àwọn tó ń ṣojú Honda. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta éàbáàgì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn fún ọ, má sì pààrọ̀ sítíárìn rẹ sí kékeré onísáré tí kò ní éàbáàgì rárá.

Bó o ṣe wà níbẹ̀, yí kọ́kọ́rọ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, má tíì sítáàtì. Iná tí wọ́n kọ SRS sí gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó sì kú. Bó bá tàn tí kò kú, ìṣòro wà nínú éàbáàgì. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí o má bàa rí ìṣòro náà, ìyẹn sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Láti ibẹ̀, ìlà tí màá tẹ̀ lé rèé: ohun tó ń dá ọkọ̀ dúró, ohun tó ń di ojú títì mú, ohun tó ń tu ẹ́ńjìnnì àti gíà lára, kí agbára tó kàn. Ní ti bíréèkì, pádì tuntun, dísìkì tó tẹ́jú àti ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tuntun ti tó fún ọ nísinsìnyí. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, tó o wá ń tẹ bíréèkì láìsinmi lórí ìdàgẹ̀rẹ̀, á hó, pẹ́dáàlì á sì wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ láìsí ohun tó dì í mú.

Ní ti táyà, wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ọ̀rọ̀ DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Táyà tòkunbọ̀ lè máa dán yinrin nítorí pé wọ́n fi nǹkan kùn ún, kí rọ́bà inú rẹ̀ sì ti gan. Mẹ́rin tuntun, tí kò lórúkọ ńlá, sàn ju mẹ́rin olórúkọ tó ti gbó lọ.

Mẹkáníìkì mi ti yọ tẹmositáàtì, ó ní ìlú wa gbóná jù fún un. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣòótọ́, ó sì ń dùn mí pé wọ́n ṣì ń ṣe é. Tẹmositáàtì ni ilẹ̀kùn tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó bó ṣe yẹ, ní nǹkan bí 80 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí o bá yọ ọ́, tó o sì ń sáré lọ lójú ọ̀nà tó dán, ẹ́ńjìnnì lè má gbóná dé ibẹ̀. Bréènì ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, á gbà pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì ni, á sì máa da epo kún un. Owó epo rẹ ló ń jó lọ yẹn. Ọkọ̀ tó ń gbóná jù láìsí tẹmositáàtì ní àìsàn mìíràn lára, bóyá fáànù, bóyá rédíétọ̀ tó dí, bóyá ìdérí rédíétọ̀ tó ti rọ. Wá a rí, tọ́jú rẹ̀, dá tẹmositáàtì padà, kó o sì rọ kúláǹtì sí i dípò omi ẹ̀rọ lásán tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà.

Gíà náà ń kọ́? Ní 2004, Honda pe ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 1.1 padà nítorí pé gíà kejì lè gbóná jù kó sì fọ́, àwọn Accord V6 2003 àti 2004 sì wà nínú rẹ̀. Tìrẹ kì í ṣe V6, nítorí náà kò kàn ọ́, àmọ́ gíà Honda kò fẹ́ràn ọ́ìlì àjèjì. Ọ́ìlì gíà DW-1 ni Honda fi rọ́pò Z1 tí ọkọ̀ rẹ bá wáyé. Ra òjúlówó, má gba èyí tí wọ́n bá ṣáà rí nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kó sáré. Mo rí i lórí YouTube pé epo 91 ni àwọn Amẹ́ríkà kan ń fi sínú Honda onítáábò, èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì. Ṣebí tiwa náà 91 ni?

Nọ́ńbà kan náà ni, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. 91 tiwa jẹ́ ti ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní RON, tó ń sọ bí epo ṣe lè fara da fífún pọ̀ tó láìgbiná fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ epo ní Amẹ́ríkà jẹ́ ìdajì àpapọ̀ RON àti MON, ìwọ̀n kejì tí ìdánwò rẹ̀ le jù, MON sì máa ń kéré ju RON lọ. Tí a bá fi ìwọ̀n tiwa wọ̀n ọ́n, 91 tiwọn jẹ́ nǹkan bí 95 tàbí 96. Èyí tó sún mọ́ tiwa jù ni 87 wọn, tó jẹ́ pé òun ló pọ́ọ́kú jù níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá da ètò bréènì tí wọ́n ṣe fún 91 ti California kọ sínú Accord tìrẹ, epo á máa gbiná kí àsìkò rẹ̀ tó tó nínú sílíńdà. Ẹ́ńjìnnì á máa kàn kó kó kó, kó tó di pé písítìnì fọ́. Má gbé táábò sí ọkọ̀ tó o fi ń lọ síbi iṣẹ́ níbi tí o kò ti lè rí epo tó yẹ ẹ́ rà déédéé.

Agbára ẹṣin 160 ni Honda sọ pé ẹ́ńjìnnì yìí ní nígbà tó jáde. Ó dá mi lójú pé tìrẹ kò pé mọ́, torí náà kọ́kọ́ gba èyí tó sọnù padà: plọ́ọ̀gì tuntun, éà fílítà tó mọ́, kí wọ́n fọ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí wọ́n sì wọn fáàfù. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé fáàfù ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ohun tó ń ṣàtúnṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tò ó. Bí wọ́n bá tò ó bó ṣe tọ́, wàá gbọ́ ìyàtọ̀ kó o tó kúrò ní àgbàlá mẹkáníìkì.

Ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tà, èyí tó gbé fílítà lọ sísàlẹ̀ lẹ́yìn bọ́ńpà kó lè rí afẹ́fẹ́ tútù, má rà á fún ìlú tí omi ń ya títì ní oṣù kẹfà sí ìkeje. Tí fílítà bá ri sómi, ẹ́ńjìnnì á fa omi wọ sílíńdà. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, kọ́nródì, irin tó gbé písítìnì dúró, ló máa tẹ̀. Wákàtí kan péré nínú omi Abúlé Ẹgbà lè sọ ẹ́ńjìnnì di ìdọ̀tí.

Sáíléńsà àti ètò bréènì ló máa kẹ́yìn, bréènì sì ni ìkẹyìn pátápátá. Ìgbàkigbà tó o bá yí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tàbí jáde padà, ètò tó wà nínú bréènì kò bá a mu mọ́. Ẹni tó bá ṣe bréènì láàárín á sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo tún fẹ́ kó wálẹ̀ díẹ̀. Ìgbà wo ni kí n ṣe é?

Ọjọ́ kan náà tí o bá fẹ́ tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ṣe, má ṣe dá a ṣe lọ́tọ̀. Láti yọ sípíríńgì, wọ́n gbọ́dọ̀ tú shọ́ọ̀kì. Láti dé ibi bọ́ṣì àti bọ́ọ̀lì jóìǹtì, nọ́ọ̀tì kan náà ni wọ́n máa tú. Bí o bá ṣe sípíríńgì lónìí, tó o ṣe bọ́ṣì lóṣù tó ń bọ̀, o ti san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, o ti ṣe aláímẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mejì, táyà tuntun rẹ á sì ti máa jẹ lápá inú láàárín oṣù yẹn. Má gbé sípíríńgì kúkurú sórí shọ́ọ̀kì tó ti gbó, á pa á kíákíá. Mìlímítà 25 sí 30 ti tó. Kó èrò mẹ́rin sínú rẹ̀, kó o sì gba orí bọ́ǹpù ẹ́síteètì yín kọjá, kó o tó sọ pé o fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ra gbogbo ẹ̀yà náà kó pé sílé kó o tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nọ́ọ̀tì kan. Bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, kó o lè rí ẹni bá ọ ṣe aláímẹ́ǹtì kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ tí kò bá lè parí kí Sọ́ńdè tó tán, má dáwọ́ lé e àfi tó o bá ti rí ọkọ̀ mìíràn tí wàá máa wọ̀. Má sì ta sípíríńgì àtijọ́ náà.

Gíláàsì dúdú, iná LED àti orin ńkọ́?

Òfin gíláàsì dúdú ti wà láti 1991, gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó o tó lẹ̀ ẹ́. Má ki gílóòbù LED bọ inú iná tí wọ́n ṣe fún gílóòbù lásán, torí ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ni yóò máa fọ́. Orin lè wọlé nígbàkígbà tí owó bá wà, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó o fi ojú ara rẹ rí ni wáyà tó ń lọ síbi ampù. Sọ fún rewáyà pé kó fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì gan-an, kó má ṣe jẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ nítòsí ampù. Bí wáyà náà bá bó lójú ọ̀nà tó sì fara kan irin, fíúsì tó wà lẹ́yìn kò lè dá a dúró, gbogbo agbára bátìrì ló máa gba inú rẹ̀ kọjá lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí àwọn èrò rẹ gbẹ́sẹ̀ lé.