Iná Tó Kú Ló Ń Dá Shinkansen Dúró

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ́ńjìnnì ńlá kan níwájú ló ń mú Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá ilẹ̀ Japan, sáré. Kò sí ẹ́ńjìnnì kankan níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ N700 tó ń ná Tokyo sí Osaka ní kóòṣì 16. Mẹ́rìnlá nínú wọn ló ní ẹ̀rọ iná mẹ́rin-mẹ́rin tó ń yí ẹsẹ̀ wọn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 56. Àwọn mìíràn ní ìbú ojú irin ni àṣírí rẹ̀. Mílímítà 1,435 ni ìbú náà, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ti Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí ọkọ̀ kankan kì í ti í sá 285 kìlómítà ní wákàtí kan.

Eré kọ́ ló ṣòro, ìdúró ni. Ní 285, ọkọ̀ náà ń jẹ mítà 79 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréékì pàjáwìrì, yóò ju ìṣẹ́jú kan lọ, yóò sì ju kìlómítà méjì lọ, kó tó dúró. Ojú èèyàn kò lè bá iná atọ́nà ẹ̀bá ọ̀nà mu níbi eré bẹ́ẹ̀, nítorí náà inú yàrá awakọ̀ ni iye eré tó tọ́ ti ń hàn. Bó bá kọjá rẹ̀, bíréékì á mú fúnra rẹ̀.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ni iṣẹ́ gidi. Ìgbì méjì ló ń jáde láti ibi tí ilẹ̀ ti ya. Àkọ́kọ́ ń sáré nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì lágbára. Èkejì ń rin nǹkan bíi mẹ́ta ààbọ̀, òun ló ń wó ilé. Bí mànàmáná ṣe ń kọ kí àrá tó sán náà ni: ẹni tó sá aṣọ síta á ti rí i, á sì sáré kó o. Bí òjò bá jìnnà, àyè wà. Bó bá jẹ́ orí òrùlé ẹni ló ti ṣẹ̀, ìkọ àti ààrá á jọ dé ni, aṣọ á sì tutù.

Láti ọdún 1992 ni àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìgbì àkọ́kọ́ yìí ti ń ṣọ́ ojú irin Tokyo sí Osaka. Bí ìgbì náà bá fi hàn pé ewu ńbọ̀, wọn kì í pe awakọ̀. Wọ́n ń pa iná tó wà lórí wáyà òkè, èyí tí ọkọ̀ fi ń sáré. Ọkọ̀ tó bá rí i pé iná ti lọ á mú bíréékì lójú ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti fún pamọ́ sínú táǹkì abẹ́ kóòṣì ló sì ń tẹ̀ ẹ́, kò nílò iná òkè. Ọgbọ́n inú ètò yìí pọ̀ lójú mi, torí àìsí iná fúnra rẹ̀ ni àṣẹ ìdúró. Bí ilé iná tiẹ̀ wó, tàbí tí wáyà já kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, àṣẹ kan náà ló ń dé.

Èyí kò ní kí ọkọ̀ ti dúró pátá kí ilẹ̀ tó mì, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Ní 100 kìlómítà sí ibi tí ilẹ̀ ti ya, àlàfo ìgbì méjèèjì kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12 lọ, ẹ̀rọ á sì ná díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi ṣírò. Bí bíréékì bá mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tó ń gé nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta ní wákàtí kan kúrò lára eré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 285 á di 255. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ọkọ̀ fi lè ṣe ìjàǹbá ti lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mì ní March 11, 2011, ọkọ̀ tó lé ní ogún wà lẹ́nu ìrìn lójú irin Tohoku, ojú irin Shinkansen tó gba àríwá Japan. Kò sí èyí tó gbé èrò tó yẹ̀ kúrò lójú irin. Ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ń dán wò, tó ṣófo, ló yẹ̀ ní Sendai. Inú òkun, lọ́nà jíjìn, ni ilẹ̀ ti ya. Ní October 23, 2004, nítòsí Joetsu, ojú irin Shinkansen mìíràn, ni ilẹ̀ ti ya, ìkìlọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Kóòṣì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ọkọ̀ kan yẹ̀ lórí eré nǹkan bí 200, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò farapa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni JR East, ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà, so irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkọ̀ wọn, kó lè fi ojú irin kọ́ bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀. JR Central, ilé iṣẹ́ tó ni ojú irin Tokyo sí Osaka, ní tiwọn fi irin mìíràn ti ojú irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ níhà inú. Nígbà tí ilẹ̀ tún mì ní March 2022, kóòṣì 16 nínú 17 ọkọ̀ kan yẹ̀ lójú irin Tohoku, kò sì sí èyí tó dojú dé.