Bí Ẹ̀rọ Ìpè Ṣe Wọ Inú Àpótí Fáìlì

Ẹni tó bá ti sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Adó-Èkìtì rí, tó gbé fóònù orí tábìlì, tó tẹ nọ́ńbà mẹ́ta, tí àwọn ara kíṣìnì sì dáhùn, ti lo ohun tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà níbì kan nínú ilé náà tó ń so yàrá mọ́ yàrá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ra káàdì. PBX ni àwọn oníṣẹ́ fóònù ń pè é. Íńtákọ́ọ̀mù ni púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí. Kí ọ̀rúndún yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń tà á, ẹni tó tà á ló sì ń tún un ṣe. Lónìí, ó lè máa ṣiṣẹ́ nínú NAS, àpótí kékeré tí àwọn onífídíò ìgbéyàwó ń kó iṣẹ́ wọn sí, tí onílé sì ń fi tọ́jú ohun tí kámẹ́rà ẹnu géètì rí. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó jókòó pète pé kó rí bẹ́ẹ̀. Àìlówó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní 1999, Mark Spencer, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Auburn ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ láti máa ran àwọn tó ń lo Linux, sọ́fítíwíà ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, lọ́wọ́. Oníbàárà yóò máa pè, ó sì fẹ́ PBX tí yóò máa pín ìpè fún òṣìṣẹ́. Ó bèèrè iye rẹ̀, apá rẹ̀ kò ká a. Ẹlòmíì ì bá yáwó. Òun jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ sọ́fítíwíà tirẹ̀, ó pè é ní Asterisk. Kò sì tì í mọ́lé. Ó gbé e jáde lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti mú un, kó tún un ṣe, kó sì pín in, bí kò bá ṣáà ti fi kóòdù rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Spencer di Digium nígbà tó yá. Sangoma rà á ní 2018.

Ẹnìkan tún wà tí wọn kì í sábà dárúkọ rẹ̀: Jim Dixon. Káàdì tí wọ́n ń ki bọ kọ̀ǹpútà kó lè bá wáyà fóònù sọ̀rọ̀ wọ́n gan-an láyé ìgbà yẹn, nítorí ọpọlọ tirẹ̀ wà lórí káàdì náà. Dixon rí i pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti yára tó láti ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó ṣe káàdì tó rọrùn, ó sì fi àwòrán bí wọ́n ṣe ń ṣe é síta lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré sí ti Spencer.

Àmọ́ NAS kékeré kì í sábà ní ihò tí a lè ki káàdì bọ̀. Ohun tó bá a yanjú ìyẹn ni SIP, àdéhùn bí ẹ̀rọ méjì ṣe lè pe ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1999, èyí tí à ń lò títí dòní sì jáde ní 2002. Láti ìgbà náà, wáyà tó ń gbé fáìlì lè gbé ohùn pẹ̀lú.

Linksys gbé àpótí kan jáde ní 2004 tó ń jẹ́ NSLU2. Kò ní díìsì nínú. Ihò USB méjì ló ní, kí onílé fúnra rẹ̀ so díìsì mọ́ ọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó pín fáìlì lọ. Ṣùgbọ́n Linux ló wà nínú rẹ̀, GPL sì ní kí wọ́n fi kóòdù rẹ̀ síta. Bí wọ́n ti fi í síta ni àwọn alátùn-únṣe kárí ayé bá dà bo àpótí náà. Wọ́n pè é ní Slug, wọ́n sì kọ Linux mìíràn fún un. Ọpọlọ rẹ̀ lè sáré dé 266 MHz, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi tà á. Wọ́n tú ìdérí rẹ̀, wọ́n yọ nǹkan tín-ín-tín kan kúrò lórí pátákó rẹ̀, ó sì gba ìdajì tó kù padà. Mẹ́mórì rẹ̀ kò ju 32 MB lọ. Síbẹ̀, wọ́n gbé Asterisk sínú rẹ̀, ó sì pín ìpè.

Ọgbọ́n kan ni wọ́n dá. Ọpọlọ Slug kò lè ṣírò nọ́ńbà olójú ààmì (irú 3.14) kíákíá, nítorí náà bí fóònù kan bá ń lo ọ̀nà kan láti sọ ohùn di nọ́ńbà tí èkejì ń lo òmíràn, tí àpótí wá fẹ́ túmọ̀ láàárín wọn, ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́. Wọ́n wá ní kí gbogbo fóònù ilé máa lo ọ̀nà kan ṣoṣo, G.711, tó ń jẹ 64 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan lápá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò tó nǹkan lórí wáyà ilé, àpótí kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kó mú ohùn lọ́wọ́ ọ̀tún kó fi lé òsì.

Lẹ́yìn náà ni Synology àti QNAP, àwọn ilé-iṣẹ́ Taiwan tó ń ṣe NAS, sọ Asterisk di ohun tí a kàn ń tẹ̀ kó wọlé bí áàpù. Docker, irinṣẹ́ tó ń di sọ́fítíwíà àti gbogbo ohun tó nílò sínú ẹrù kan, tó jáde ní 2013, sì tún mú un rọrùn sí i.

Nígbà tí Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996, wáyà NITEL ni fóònù, ilé tí kò sì ní in ló pọ̀ jù. GSM dé orílẹ̀-èdè yìí ní oṣù Kẹjọ 2001, ìṣẹ́jú kan sì ń lọ ní ₦50. Wáyà kú kó tó dé ilé púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí PBX fi jọ nǹkan àlejò létí wa, bẹ́ẹ̀ àwa gan-an ló yẹ fún. NAS oní-díìsì méjì kì í jẹ ju nǹkan bí 15 sí 20 watt lọ, tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ ń jẹ ìlọ́po rẹ̀ léraléra. Bí NEPA bá mú iná lọ ní Àjìlóṣùn, ìnfátà kékeré á gbé àpótí náà àti router títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí íntánẹ́ẹ̀tì náà bá lọ, ìpè inú ilé kò dúró, torí kò gba ìta kọjá. Ilé ìwé tó wà lẹ́yìn àpáta ní Ìkéré, níbi tí òkè ń dí ìgbì GSM, lè pe ọ́fíìsì láti họ́sítẹ́lì lórí Wi-Fi tirẹ̀.

Ó ní wàhálà tirẹ̀. Díìsì NAS máa ń sùn bí kò bá síṣẹ́, nítorí náà ẹni tó fẹ́ fi ohùn sílẹ̀ lè dúró díẹ̀ kó tó jí. Olè náà wà: ẹni tó bá ṣí ojú ọ̀nà 5060, èyí tí SIP ń gbà, sí íntánẹ́ẹ̀tì, tó fi 1234 ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà, àwọn kan tí kò rí rí yóò fi owó rẹ̀ pe òkè òkun mọ́jú. Ẹ tì í pa. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìpè ìta wọlé, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń ki síìmù bọ̀, ẹ so ó mọ́ router. Bí àpótí bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ yẹn àti fóònù orí tábìlì ló kù láti náwó lé.