Káàdì maximum

Káàdì maximum ni póòsìkáàdì alàwòrán tí a lẹ sítáǹpù mọ́ ojú ibi tí àwòrán wà, tí pósófíìsì sì lu òǹtẹ̀ lé lórí, lọ́nà tí àwòrán, sítáǹpù àti òǹtẹ̀ fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Bí sítáǹpù bá gbé èso kòkó lórí igi jáde, èso kòkó lórí igi náà ni àwòrán káàdì gbọ́dọ̀ fi hàn, ìlú tí kòkó ti ń so ni òǹtẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti wá. "Maximum" inú orúkọ rẹ̀ dúró fún ìbáramu tó ga jù lọ láàárín nǹkan mẹ́ta yìí. Kò kan bí káàdì ṣe tóbi tó tàbí iye tí wọ́n ń tà á. Ṣíṣe irú káàdì yìí àti kíkó o jọ ni wọ́n ń pè ní maximaphily.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Austria-Hungary ló kọ́kọ́ gbé póòsìkáàdì jáde, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1869. Kò sí àwòrán lára rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí káàdì alàwòrán wá gbòde, ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn arìnrìn-àjò ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ sítáǹpù mọ́ ojú àwòrán dípò ẹ̀yìn, kí ojú ẹni tó gba káàdì lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Púpọ̀ nínú àwọn káàdì wọ̀nyí kò bára mu rárá: orí ọba ló wà lára sítáǹpù, afárá tàbí ilé ìjọsìn ló wà lára káàdì. Àṣà yẹn ni àwọn mìíràn rí tí wọ́n fi ń wá káàdì tó bá sítáǹpù mu. Ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ, FIP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1926, ṣe òfin fún un nígbà tó yá, ó sì ní ìsọ̀rí tirẹ̀ nínú ìdíje wọn.

Ní tiwa níbí, Èkó ti ní sítáǹpù tirẹ̀ láti 1874, sítáǹpù tó sì jẹ́ ti Nàìjíríà lápapọ̀ dé ní 1914. Orí ọba tàbí ọbabìnrin ló kún ojú àwọn ti àkọ́kọ́, nítorí náà kò sí ohun púpọ̀ tí ènìyàn lè bá wọn wá. Ọdún 1936 ni ìyàtọ̀ dé: sítáǹpù pẹ́ńsì 1 gbé kòkó jáde, ti pẹ́ńsì 2 gbé iṣẹ́ gẹdú jáde. Kòkó tún padà wá ní 1953 lórí ti pẹ́ńsì 4. Kòkó àti gẹdú, ohun tí ilẹ̀ Oǹdó ń fi yangàn nìyẹn.

Ìbáramu mẹ́ta

Ìbáramu mẹ́ta ni wọ́n ń wò: ti àwòrán, ti àkókò àti ti ibi. Ti àwòrán ló rọrùn jù láti lóye. Ohun tí sítáǹpù fi hàn gan-an ni káàdì gbọ́dọ̀ fi hàn, kì í ṣe ohun tó jọ ọ́. Bí èso kòkó lórí igi ló wà lára sítáǹpù, káàdì tó fi kòkó sísá lórí ẹní hàn kò bá a mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkó ni méjèèjì. Káàdì tí wọ́n kó àwòrán mẹ́rin tàbí márùn-ún sí lójú kan kò wúlò, nítorí ojú kò mọ èyí tí sítáǹpù ń bá sọ̀rọ̀. Àwòrán náà gbọ́dọ̀ gbà tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ojú káàdì, ó kéré tán. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ sítáǹpù náà fúnra rẹ̀ tí wọ́n sọ di ńlá; ìyẹn kò sàn ju kí ènìyàn dúró níwájú dígí kó máa kí ara rẹ̀.

Ti àkókò: ọjọ́ tó wà nínú òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìgbà tí sítáǹpù ṣì níye lórí ní kántà, kó sì súnmọ́ ọjọ́ tí sítáǹpù jáde bó bá ti lè ṣeé ṣe. Ọjọ́ tí ó jáde gan-an ló dára jù. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973 ni Nàìjíríà ti ń ná náírà àti kọ́bọ̀, nítorí náà kò sí bí ènìyàn ṣe lè mú sítáǹpù kòkó ti 1953 lọ sí pósófíìsì lónìí kó ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n ti ṣe láyé ìgbà yẹn nìkan ló kù, rírà ni wọ́n ń rà á.

Ti ibi ni iṣẹ́ gidi, òun náà ló sì ń da àwọn tó ń kó káàdì jọ láàmú jù. Òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ibi tí ohun inú sítáǹpù wà, tàbí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, wá. Fún òkè tàbí ilé, kò sí àríyànjiyàn: Òkè Ìdànrè ń fẹ́ òǹtẹ̀ Ìdànrè, kì í ṣe ti Àkúrẹ́, bó ti wù kí Àkúrẹ́ súnmọ́ ọn tó. Àfin Déjì ní tirẹ̀ ń fẹ́ Àkúrẹ́.

Fún ènìyàn, ìlú tí wọ́n ti bí i, tí ó ti ṣiṣẹ́ tàbí tí ó kú sí ni wọ́n ń wò. Ká ní sítáǹpù kan gbé Olóyè Adékúnlé Ajásin jáde: òǹtẹ̀ Ọ̀wọ̀ tọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i ní 1908, ti Àkúrẹ́ náà tọ́, ibẹ̀ ló ti ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ìlú Oǹdó kò tọ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ṣàkóso, orúkọ ìlú ni òǹtẹ̀ sì máa ń gbé, kì í ṣe orúkọ ìpínlẹ̀. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe káàdì láti òkèèrè: wọ́n rí "Ondo" nínú ìwé, wọ́n ní ó ti parí.

Fún ohun ọ̀gbìn àti ẹranko, ibi tí wọ́n ti ń hù tàbí tí wọ́n ń gbé ló ṣe pàtàkì. Òǹtẹ̀ Oǹdó, Ìdànrè, Ilé-Olújìí tàbí Òkè-Igbó bá kòkó mu dáadáa. Ti Àpápá kò bá igi kòkó mu, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o sọ́kọ̀ ojú omi. Bí ó bá jẹ́ pé kòkó inú àpò létí ọkọ̀ ni àwòrán, ọ̀rọ̀ yí padà.

Fún iṣẹ́ ọnà, ibi méjì ló sábà máa ń ṣeé gbà: ibi tí wọ́n ti rí i tàbí tí wọ́n ti ṣe é, àti ìlú tí ilé ọnà tó gbé e pamọ́ wà. Àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó Lájà, Ọ̀wọ̀, ní 1971 jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Òǹtẹ̀ Ọ̀wọ̀ ló sunwọ̀n jù fún wọn, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Sítáǹpù ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà, kì í ṣe káàdì. Márùn-ún ló tó: mẹ́ta fún iṣẹ́, méjì fún ìpamọ́, nítorí ọ̀kan lè bàjẹ́ nídìí òǹtẹ̀. Sítáǹpù kan péré ni wọ́n ń lẹ mọ́ káàdì kan.

Ìwọ̀n káàdì kò gbọdọ̀ ju mílímítà 105 lọ́nà 148 lọ, kò sì gbọdọ̀ dín ní 90 lọ́nà 140. Ìwọ̀n tó ga jù yẹn gan-an ni A6, nítorí náà bébà A4 kan tí wọ́n gé sí mẹ́rin bá ìwọ̀n mu láìṣòfò. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni ilé ìfọtò: fọ́tò íńṣì 4 lọ́nà 6 tí wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀ gùn tó mílímítà 152, ó fi mẹ́rin ju òfin lọ. Gígé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ́ kó hàn pé wọ́n gé e. Fún ìdíje, káàdì tí wọ́n ti ń tà fún gbogbo ènìyàn kí sítáǹpù tó jáde ló níyì jù; fọ́tòkópì, àwòrán tí wọ́n gé lẹ́ mọ́ra àti èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà so pọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe fún ara rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ níbi ìtẹ̀wé, lórí bébà káàdì gíráàmù 250 sí 300, èyí tí ojú rẹ̀ kò dán. Kí ó má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, nítorí yíǹkì òǹtẹ̀ kò ní ríbi wọ̀.

Kí wọ́n tó lẹ sítáǹpù, ó dára kí wọ́n gé bébà lásán tó bá a dọ́gba, kí wọ́n máa gbé e káàkiri ojú káàdì. Igun òkè tí òfuurufú nìkan wà ló dára jù. Sítáǹpù tó bo orí ère tàbí ẹnu ọ̀nà àfin ti ba ohun tí káàdì fẹ́ sọ jẹ́. Kàn-ìn-kàn-ìn tí wọ́n fún dáadáa ni kí wọ́n fi mú ẹ̀yìn sítáǹpù tutù, kì í ṣe ahọ́n: itọ́ kì í kárí, omi tó pọ̀ jù sì ń mú káàdì ká. Kí wọ́n tẹ bébà mímọ́ lé e fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún mẹ́wàá kó tó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé pósófíìsì.

Òǹtẹ̀ ní kántà

Níbi yìí ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ti lè bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Akọ̀wé pósófíìsì a máa lu òǹtẹ̀ kí sítáǹpù má bàa ṣeé tún lò; ẹwà kọ́ ni wọ́n gbà á sí iṣẹ́ fún. Àárọ̀ kùtùkùtù tí èrò pọ̀ kò dára. Ìgbà tí kántà bá ti rọ ni kí ènìyàn lọ. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ìrántí ni mo fẹ́ fi ṣe, ẹ bá mi lù ú kó hàn ketekete" máa ń ṣe ju àlàyé gígùn lọ.

Àwọn nǹkan tó yẹ kí wọ́n mú dání ni bébà àfọwọ́bà fún ìdánwò àti ìwé ìròyìn tí wọ́n ṣẹ́ sí mẹ́jọ. Ìwé ìròyìn yẹn ló ń wà lábẹ́ káàdì. Orí kántà líle, ẹ̀gbẹ́ kan òǹtẹ̀ nìkan ló ń kan káàdì, ohun tó sì ń jáde dà bí ìlàjì òṣùpá. Lórí ohun tó rọ̀ díẹ̀, gbogbo agbo rẹ̀ ló ń jáde. Kí wọ́n kọ́kọ́ lù ú sórí bébà àfọwọ́bà láti wo ọjọ́ àti ọdún: ọjọ́ àná tí akọ̀wé kò tíì yí padà wọ́pọ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi orí rẹ̀ sílẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí òǹtẹ̀ ti òkè bọ́ sílẹ̀ tààrà, ẹ̀ẹ̀kan, láìyí ọwọ́, kí apá kan agbo rẹ̀ wà lórí sítáǹpù, kí apá kejì wà lórí káàdì, kí orúkọ ìlú àti ọjọ́ sì ṣeé kà. Èyí tó bọ́ sórí sítáǹpù nìkan kò so ó mọ́ káàdì. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé ibòmíràn ni wọ́n ti yọ sítáǹpù náà wá.

Yíǹkì òǹtẹ̀ ní òróró nínú. Lórí bébà tí kò dán, ó ń wọlé, ó sì ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lórí ojú dídán, orí rẹ̀ ló ń jókòó sí, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, pàápàá nígbà òjò tí afẹ́fẹ́ Àkúrẹ́ kún fún ọ̀rinrin. Kí wọ́n má ṣe fi tíṣù nù ún, kí wọ́n má sì tò káàdì léra wọn. Inú páálí bàtà tí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí ni kí wọ́n fi gbé e lọ sílé.

Kí wọ́n gba káàdì padà ní ọwọ́ akọ̀wé ló dára. Ẹ̀yìn, níbi tí àdírẹ́sì wà, ni òfin ìfìwéránṣẹ́ fẹ́ kí sítáǹpù wà. Èyí tí wọ́n jù sínú àpótí ní ìhòòhò lè dé bí ohun tí wọn kò sanwó fún, ẹ̀rọ sì lè ya á lójú. Ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ a fi í sínú àpòòwé, a sì lẹ sítáǹpù mìíràn mọ́ àpòòwé yẹn. Ẹ̀tàn gbáà sì ni kí wọ́n bẹ akọ̀wé láti yí ọjọ́ òǹtẹ̀ padà sẹ́yìn. Ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ìsinmi lára òǹtẹ̀ ló sábà máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Ìtọ́jú

Ọ̀rinrin, aáyán àti ọ̀rá ni ọ̀tá mẹ́ta. Ọ̀rinrin ń mú káàdì ká, ó sì ń fi àmì pupa-pupa bí ìpẹtà sí i lára. Ohun tó ń bu lára búrẹ́dì náà wà lára ohun tó ń fà á. Aáyán ń wá gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹpù tí wọn kò tíì lò. Ọ̀rá tí wọ́n ń kó káàdì sí, tó bá jẹ́ ti PVC, èyí tó rọ̀ tó sì ń rùn, a máa tú ohun kan jáde tó ń mú kí yíǹkì ṣí, ó sì ń lẹ̀ mọ́ káàdì dídán. Ti polypropylene tàbí polyester ni kí wọ́n lò. Sẹ́lótéèpù kò gbọdọ̀ kan káàdì: láàárín ọdún díẹ̀, yóò fi ìlà pupa rúsúrúsú sílẹ̀ tí kò ní í lọ mọ́. Ó dára kí káàdì dúró lóòró nínú àpótí tí wọ́n kó àpò kékeré silica gel, èyí tó ń fa ọ̀rinrin, sí, jìnnà sí ògiri tí òjò ń lù, kí wọ́n sì máa ṣí i fún afẹ́fẹ́ nígbà ọyẹ́. Kafúrà dára fún aṣọ, kò dára nítòsí ọ̀rá wọ̀nyí.

Nínú ìdíje, férémù kan, ìyẹn pátákó tí wọ́n ń pàtẹ káàdì sí, gba ojú ìwé 16, káàdì méjì lójú kan sì ni ó sábà máa ń wọ̀ ọ́. Ìlà kúkúrú ni wọ́n ń kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tí sítáǹpù fi hàn, ọjọ́ tó jáde, àti ìdí tí òǹtẹ̀ ìlú yẹn fi tọ́. Tí wọn kò bá kọ ìdí yẹn, ẹni tí kò mọ̀ pé kòkó ń so ní Ilé-Olújìí yóò kàn rí orúkọ ìlú kan ni.