Ta ló ń po oògùn inú kànìnkànìn òkun?

Ẹranko ni kànìnkànìn inú òkun, bí kò tilẹ̀ ní ojú tàbí ẹnu, tí kì í sì í kúrò lójú kan. Omi ló ń fà wọnú, tó ń sẹ́, tó sì ń tú dànù tọ̀sán-tòru. Ọ̀pọ̀ ẹja kì í fẹnu kàn án, torí oró ń bẹ lára rẹ̀.

Oró yìí ló fa àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì sọ́dọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Werner Bergmann ti Yunifásítì Yale kéde àwọn èròjà kan tó rí nínú kànìnkànìn etí òkun Florida. Àpẹẹrẹ wọn ni wọ́n wò ṣe cytarabine, oògùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1969, tí àwọn dókítà ṣì ń lò dòní. Kànìnkànìn ni gbogbo ayé ń yìn. Ta ló rántí àwọn ayálégbé?

Wọ́n sì pọ̀ níbẹ̀ o. Ní àwọn ọdún 1970, Jean Vacelet, ará Faransé, gbé kànìnkànìn òkun Mẹditaréníà sábẹ́ ẹ̀rọ awò alágbára. Nínú ọ̀kan lára wọn, bakitéríà nìkan gba nǹkan bí ìdá 38 nínú 100 ara ẹranko náà. Ó wá ṣòro láti mọ onílé gan-an.

Ti kànìnkànìn kan tó ń jẹ́ Theonella swinhoei ló dùn jù létí mi. Ní 1996, Carole Bewley àti John Faulkner, ní ilé ìwádìí òkun Scripps ní Kalifọ́níà, fi sùúrù ya sẹ́ẹ̀lì kànìnkànìn yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ti bakitéríà inú rẹ̀. Inú bakitéríà ni wọ́n ti bá oró méjì tí wọ́n ń wá. Wọn ò bá a nínú sẹ́ẹ̀lì kànìnkànìn. Àmọ́ pé a bá nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan kò ní kó jẹ́ òun ló ṣe é. Ọdún 2014 ni Jörn Piel àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ka jíìnì Entotheonella, bakitéríà gbọọrọ kan nínú Theonella tí wọ́n kó ní Japan. Ibẹ̀ ni ìlànà ìpoògùn náà wà, fún èyí tó pọ̀ jù lára àwọn èròjà tí a ti ń kà sí ti kànìnkànìn.

Ìwádìí yìí kì í ṣe eré. Nígbà tí àwọn ará Japan ń wá halichondrin B, èròjà kan tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ, nínú kànìnkànìn mìíràn ní àwọn ọdún 1980, 600 kílò ni wọ́n lò kí wọ́n tó rí mílígírámù 12.5 péré. Bakitéríà tó bá ṣeé sìn nínú yàrá ìwádìí ì bá gba òkun lọ́wọ́ irú ìkólọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ Entotheonella kì í fẹ́ kúrò nínú ilé tó ń gbé.